Síìmù Méjì Nínú Fóònù Kan: Kí Ló Dé Tí Wọn Kò Fi Rí Yín Pè?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí pé ẹnì kan bínú sí yín, tó ní òun pè yín títí, òun kò rí yín? Ẹ̀yin náà wo fóònù yín, ẹ kò rí àmì ìpè kankan níbẹ̀. Fóònù wà ní títàn. Iná wà nínú bátìrì rẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún dáadáa. Ẹni tó pè yín kò purọ́, ẹ̀yin náà kò purọ́. Kí ló wá ṣẹlẹ̀?

Bí fóònù yín bá ń lo síìmù méjì, ibẹ̀ ni ìdáhùn lè wà. Síìmù yìí ni àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní puce. Lónìí, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀, oníṣòwò àti ìyá ọlọ́mọ ní Kétu, ní Ṣábẹ̀, ní Pobẹ̀, ní Sákétẹ́ àti ní Àjàṣẹ́ ló ń lo méjì nínú fóònù kan. Ẹlòmíràn ní ti MTN àti ti Moov Africa. Ẹlòmíràn ní ti Celtiis, ilé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2022. Àwọn tó ń ná ọjà ẹnu ibodè ní síìmù Bẹ̀nẹ̀ kan àti síìmù Nàìjíríà kan.

Èyí kò burú. Ibi tí òpó ilé iṣẹ́ kan kò dé, ti èkejì lè dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń lò láìmọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lè já wa kulẹ̀ lọ́jọ́ tí a nílò rẹ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ṣe ń rí fóònù onísíìmù méjì, àti ohun tó yẹ kí a ṣe.

KÍ NI SÍÌMÙ?

Síìmù ni ìwé ẹ̀rí yín lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ fóònù. Ilé iṣẹ́ Giesecke & Devrient, ní ìlú Munich ní ilẹ̀ Jámánì, ló kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 1991, fún ilé iṣẹ́ fóònù kan ní ilẹ̀ Fínlándì. Nígbà náà, síìmù tóbi tó káàdì ìdánimọ̀. Lónìí, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Àwọn fóònù titun kan tilẹ̀ wà tí a kì í ki káàdì bọ̀ rárá, nítorí síìmù wọn ti wà nínú wọn. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe.

Ohun pàtàkì méjì ló wà nínú síìmù.

Èkíní ni nọ́ńbà ìdánimọ̀, tó sábà máa ń ní òǹkà 15. Kì í ṣe nọ́ńbà tí àwọn ènìyàn ń tẹ̀ láti pè yín. Àwọn ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ nìkan ló ń lò ó. Òǹkà mẹ́ta àkọ́kọ́ ń sọ orílẹ̀-èdè tí síìmù náà ti wá: 616 ni ti Bẹ̀nẹ̀, 615 ni ti Tógò, 621 ni ti Nàìjíríà.

Èkejì ni kọ́kọ́rọ́ àṣírí. Ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ yín. Nígbà tí ẹ bá tan fóònù, ilé iṣẹ́ a bi síìmù ní ìbéèrè kan. Ìbéèrè náà ń yí padà nígbà gbogbo. Síìmù a fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí rẹ̀ wá ìdáhùn. Bí ìdáhùn náà bá tọ́, ilé iṣẹ́ a ṣílẹ̀kùn fún un.

Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tún ní ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Inú rẹ̀ ló ti so nọ́ńbà tí a fi ń pè yín mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ síìmù yín. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè gba síìmù titun bí ti àtijọ́ bá sọnù, tí nọ́ńbà yín kò sì ní yí padà. Inú ìwé yìí kan náà ni ilé iṣẹ́ ń kọ agbègbè tí ẹ wà sí, kó lè mọ ibi tí yóò ti wá yín bí ẹnì kan bá pè.

ÈNÌYÀN MÉJÌ NI YÍN LÓJÚ WỌN

Ẹ mú fóònù yín, kí ẹ tẹ̀ *#06#. Nọ́ńbà gígùn kan tó ní òǹkà 15 yóò jáde. Orúkọ rẹ̀ ni IMEI. Nọ́ńbà fóònù fúnra rẹ̀ ni, kì í ṣe ti síìmù. Bí fóònù yín bá jẹ́ onísíìmù méjì, IMEI méjì ni ẹ óò rí. Ihò síìmù kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀.

Nítorí náà, síìmù kìíní ń fi IMEI kìíní wọlé sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ rẹ̀. Síìmù kejì ń fi IMEI kejì wọlé sọ́dọ̀ tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ kìíní kò mọ̀ pé síìmù kejì wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ kejì náà kò mọ̀ nípa ti èkíní. Bí síìmù méjèèjì bá tilẹ̀ jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kan náà, oníbàárà méjì tó ní fóònù méjì ni ilé iṣẹ́ náà ń kà yín sí.

Ẹ di ọ̀rọ̀ yìí mú, nítorí òun ni gbòǹgbò gbogbo ohun tó kù: lójú ilé iṣẹ́, ènìyàn méjì ni yín, lọ́wọ́ yín, fóònù kan ni.

ETÍ KAN, AKÉDE MÉJÌ

Báwo ni ìpè ṣe ń dé ọ̀dọ̀ yín? Ó dà bí iṣẹ́ akéde ìlú. Bí ẹnì kan bá tẹ nọ́ńbà yín, ilé iṣẹ́ a wo ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ láti mọ agbègbè tí ẹ wà. Gbogbo òpó tó wà ní agbègbè náà a kéde pé, “Síìmù báyìí, a ń wá ọ o!” Fóònù yín máa ń sùn láti fi bátìrì pamọ́. Ṣùgbọ́n ó ń ta jí ní bí ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì, a tẹ́tí sí akéde, a tún sùn. Bí ó bá gbọ́ pé òun ni wọ́n ń pè, a dáhùn, ẹ óò sì gbọ́ ìró rẹ̀.

Púpọ̀ nínú àwọn fóònù onísíìmù méjì tí a ń rà lọ́jà, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń bá òpó méjèèjì sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí a pe ẹ̀rọ yìí ní etí fóònù. Nígbà tí ẹ kò bá sọ̀rọ̀, etí kan yìí ń gbọ́ ti akéde kìíní, a yíjú gbọ́ ti èkejì, a tún padà. Ó ń yára tó bẹ́ẹ̀ tí ìpè kì í fi í bọ́.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ lórí síìmù kìíní ńkọ́? Àwọn àgbà ní ẹni tó bá lé eku méjì yóò pòfo. Fóònù kò lé eku méjì. Ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ nìkan ló gbájú mọ́ títí ẹ ó fi parí. Láàárín àkókò yẹn, akéde kejì lè kígbe títí, kò sí ẹni tó ń gbọ́. Ilé iṣẹ́ kejì kò mọ̀ pé ẹ ń sọ̀rọ̀ níbòmíràn. Ohun tó rí ni pé ẹ kò dáhùn. Nítorí náà a sọ fún ẹni tó pè yín pé nọ́ńbà yín kò sí lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tàbí pé ẹ ti pa fóònù.

Bí fóònù kò bá gbọ́ ìpè, kò lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi rí àmì kankan níbẹ̀. Àwọn fóònù olówó ńlá kan wà tó lè gbọ́ méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò wọ́pọ̀.

Àtẹ̀jíṣẹ́ yàtọ̀ ní tirẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ kò bá rí yín, a tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ náà pamọ́, a sì tún gbìyànjú. Nígbà tí ẹ bá parí ọ̀rọ̀ yín, yóò wọlé.

BÍ Ẹ̀MÍ BÁ WÀ NÍNÚ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé aboyún kan bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí ní abà, ní òru. Ọkọ rẹ̀ wà ní ìlú, ó ń bá ẹni tó fẹ́ ra àgbàdo sọ̀rọ̀ lórí síìmù kìíní. Ọ̀rọ̀ owó kì í tán bọ̀rọ̀, wọ́n lo ìdajì wákàtí. Nọ́ńbà síìmù kejì nìkan ni ìyàwó mọ̀. Ó pè, ó pè, wọ́n ní ọkọ ti pa fóònù. Ọkọ kò pa fóònù, etí fóònù ló wà níbòmíràn. Fún ẹni tó ń rọbí, ìdajì wákàtí kì í ṣe ohun kékeré.

Ó lè jẹ́ ọmọ tí ibà mú tó ń gìrì. Ó lè jẹ́ ẹni tí ejò bù ṣán lóko. Ó lè jẹ́ onízémíjàn tí a fẹ́ kó wá gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin tó ń ṣe iṣẹ́ ìlera ní abúlé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín jù, nítorí ẹ̀yin ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè.

Ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ fún àwọn ará ilé yín ní nọ́ńbà méjèèjì. Ẹ kọ wọ́n sára ògiri tàbí sẹ́yìn káàdì ìtọ́jú aboyún. Ẹ sọ fún wọn pé bí ọ̀kan kò bá lọ, kí wọ́n pe èkejì lójú ẹsẹ̀.

2. Ẹ jẹ́ kí síìmù kọ̀ọ̀kan lè gba ìpè kejì nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ tẹ̀ *43# lórí síìmù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ránṣẹ́ bí ìgbà tí ẹ bá ń pe ènìyàn. Bí ẹlòmíràn bá pe síìmù tí ẹ ń lò lọ́wọ́, ẹ óò gbọ́ ìró kékeré létí. Báyìí, ẹni tó bá gbìyànjú nọ́ńbà méjèèjì yóò bá etí fóònù yín lórí ọ̀kan nínú wọn.

3. Bí ìpè kò bá lọ, kí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó: “Aboyún ń rọbí.”

4. Bí aboyún bá wà nílé tí oṣù rẹ̀ ti pé, ẹ má ṣe fi fóònù tàkúrọ̀sọ pẹ́.

BÍ A ṢE Ń DARÍ ÌPÈ

Ọ̀nà kan tún wà. Ẹ lè sọ fún ilé iṣẹ́ síìmù kejì pé, “Bí ẹ kò bá rí mi, ẹ gbé ìpè náà lọ sórí síìmù kìíní.” Lórí síìmù kejì, ẹ tẹ̀ **62*, lẹ́yìn náà nọ́ńbà síìmù kìíní, lẹ́yìn náà #, kí ẹ fi ránṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ fòpin sí i, ẹ tẹ̀ ##62#. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ẹ tẹ̀ *#62#.

Ní Bẹ̀nẹ̀, ẹ má gbàgbé pé láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni nọ́ńbà fóònù ti di òǹkà 10. A fi 01 kún iwájú nọ́ńbà àtijọ́. Bí ẹ bá kọ òǹkà 8 àtijọ́, ìpè náà kò ní dé.

Ẹ béèrè iye tí ó ń náni lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ yín kí ẹ tó ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ darí ìpè lè jẹ́ ẹni tí yóò san owó ibi tí ìpè náà ń lọ. Bí síìmù kejì bá jẹ́ ti Nàìjíríà, tí ẹ darí rẹ̀ sí ti Bẹ̀nẹ̀, ìpè ilẹ̀ òkèèrè ni. Ó lè jẹ owó yín tán.

Ẹ ṣọ́ra o! Àwọn gbájúẹ̀ lè pè yín pé ẹ jẹ ẹ̀bùn, kí ẹ tẹ̀ **21* àti nọ́ńbà kan. Ẹ má ṣe é. Ìtumọ̀ 21 ni pé kí gbogbo ìpè yín máa lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bí ẹ bá ti ṣe é, ẹ tẹ̀ ##002# lórí síìmù náà láti pa gbogbo ìdarí ìpè rẹ́.

NÍ ẸNU IBODÈ

Ìgbì òpó fóònù kò mọ ibodè. Ẹni tó wà ní Ìlárá tàbí ní Ìgòlò lè rí òpó Bẹ̀nẹ̀ àti ti Nàìjíríà ní ojú kan. Síìmù kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ ń wá òpó ilé iṣẹ́ tirẹ̀. Bí kò bá rí i, ó lè wọ orí òpó ilẹ̀ kejì, bí ilé iṣẹ́ méjèèjì bá ní àdéhùn. Nígbà náà, ẹ ti di àlejò. Owó ìpè lè wọ́n ju ti ilé lọ, ti íntánẹ́ẹ̀tì náà sì lè wọ́n.

Kí orúkọ má tàn yín jẹ. MTN wà ní Bẹ̀nẹ̀, MTN wà ní Nàìjíríà. Moov Africa wà ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò. Orúkọ jọra, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ìwé àkọsílẹ̀ wọn sì yàtọ̀.

Bí ẹ bá rí lẹ́tà R lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó sábà máa ń jẹ́ pé orí òpó àlejò ni síìmù náà wà. Ẹ wọ ibi ètò fóònù yín. Ẹ pa íntánẹ́ẹ̀tì ìlò òkèèrè. Ẹ sì fi ọwọ́ ara yín yan ilé iṣẹ́ tí ẹ fẹ́, dípò kí fóònù máa yàn fún yín.

BÁTÌRÌ TÓ Ń TÁN KÍÁKÍÁ

Bí síìmù kan kò bá rí òpó, fóònù kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ó ń wá a kiri, inú bátìrì ló sì ti ń mú agbára tó fi ń wá a. Bí òpó bá jìnnà, fóònù tún ní láti pariwo kó tó gbọ́, bí ẹni tó ń pe ará òdìkejì odò. Ìdí nìyí tí bátìrì fi ń tán kíákíá lóko.

Bí síìmù Nàìjíríà yín kò bá rí òpó ní oko yín, ẹ pa á nínú ètò fóònù. Kò pọn dandan kí ẹ yọ ọ́. Tí ẹ bá padà dé ibi tí òpó wà, ẹ tan án.

BÍ FÓÒNÙ BÁ SỌNÙ

Owó MoMo yín kò sí nínú fóònù. Ìwé ilé iṣẹ́ ló wà, lórúkọ nọ́ńbà yín. Ẹni tó bá jí fóònù yín gbé ti gba síìmù méjì lọ. Bí ẹ bá ní kí ilé iṣẹ́ kìíní ti síìmù rẹ̀ pa, ilé iṣẹ́ kejì kò mọ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ yín.

Ẹ ti múra sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé. Ẹ kọ IMEI méjèèjì sínú ìwé kan nílé. Ẹ fi nọ́ńbà àṣírí sórí síìmù kọ̀ọ̀kan, kí olè má lè lò ó nínú fóònù mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé rẹ̀: bí a bá ṣì í tẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, síìmù yóò tì, yóò sì béèrè nọ́ńbà kan tí ń jẹ́ PUK. Bí a bá ṣi PUK tẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, síìmù náà ti kú nìyẹn.

Ẹ tún máa lo síìmù méjèèjì lóòrèkóòrè. Ilé iṣẹ́ lè gba nọ́ńbà tó ti pẹ́ láìṣiṣẹ́, kó tà á fún ẹlòmíràn. Bí ẹ bá ti fi nọ́ńbà náà sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, àlejò ni yóò gbọ́ ìpè yín.

NÍ KÚKÚRÚ

Síìmù méjì kò sọ fóònù kan di méjì. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ lórí ọ̀kan, èkejì dití. Ilé iṣẹ́ kò mọ̀, ẹni tó ń pè yín kò mọ̀. Ẹ̀yin tó mọ̀ ló yẹ kó ṣètò rẹ̀. Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí.

Ẹ JÍRÒRÒ NÍNÚ ẸGBẸ́ YÍN

1. Ta ni ẹ máa ń pè bí ẹnì kan bá ń ṣàìsàn lóru? Ṣé ẹ ní gbogbo nọ́ńbà rẹ̀?
2. Kí ló dé tí fóònù kì í fi í kọ ìpè síìmù kejì sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ lórí èkíní?
3. Ní oko yín, òpó ilé iṣẹ́ wo ló dé dáadáa? Èwo ni kò dé?
4. Ẹ tẹ̀ *#06# lórí fóònù yín nísinsìnyí. Ẹ kọ nọ́ńbà tó jáde sínú ìwé yín.